Odó Manigri àti Ìgbì tó Gba Àárín Ayé

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ní Ìsẹ́yìn: kí ni àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lọ wá ní ilẹ̀ Benin, tí kò ra ọjà bọ̀, tí kò sì ní ìbátan kankan níbẹ̀? Ẹ̀rín ni mo fi ń dáhùn. Ọdún ti yí po lórí rẹ̀ báyìí. Mo rò pé ó tó kí n jókòó kí n sọ ọ́ bó ti rí.

Mo lọ gbọ́ ohùn àárín ayé ni. Mo sì gbọ́ ọ.

Ọsàn àti abẹ́rẹ́

Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ni èmi àti Mopélọ́lá aya mi fi ọjọ́ ayé wa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí kò rí bákan náà dé ìsàlẹ̀. Òkúta gbígbóná ló wà lábẹ́ èèpo rẹ̀. Lábẹ́ òkúta náà ni irin yíyọ́ wà, tó ń ṣàn. Nínú agbami irin yíyọ́ náà, ní gbùngbùn ayé gan-an, kókó irin líle kan wà. Ooru rẹ̀ tó láti yọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìwúwo ayé ló fún un pọ̀ tí kò fi lè yọ́. Kò sí ẹni tó lè gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀. Ìgbì nìkan ló ń débẹ̀ tó ń jáde wá ròyìn. Bí ilẹ̀ bá mì tìtì ní ibì kan, mímì náà á rin inú ayé já, ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó létí dáadáa sí òdìkejì á gbọ́ ọ. Bó ti yára tó àti bó ti rẹ̀ tó nígbà tó máa dé ló ń sọ irú ohun tó gbà kọjá. Ẹ rántí bí ẹ ti ń fi ìka kan bàrà lọ́jà kí ẹ tó rà á, tí ẹ ń tẹ́tí sí bí inú rẹ̀ ti rí. Ohun kan náà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mopélọ́lá mú ọsàn kan nínú abọ́, ó mú abẹ́rẹ́ tó fi ń hun aṣọ òtútù, ó fi gún un já.

Ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá Tólú. Bí ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé bá jẹ́ agbègbè Tonga nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í sinmi, ibo ló ti máa jáde?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ilẹ̀ Benin, lọ́nà Bassila. Bó bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, inú kókó náà ló ṣì máa gbà. Àwọn kan ń wá ibi tí wọ́n máa gbé etí sí kiri ayé, àwọn ará ibẹ̀ sì sùn lé e lórí."

A pinnu pé a ó jọ lọ. Àìsàn kò gbà fún un. Mo sin ín nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òjò dá, mo yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó ní n lè lò ó níwọ̀n ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́; bí ọyẹ́ bá ti lọ, ó gbọ́dọ̀ padà. Gbogbo ohun tí mo ní láti mú bọ̀ kò ju ìgbì kan ṣoṣo lọ, ìgbì tó mọ́, tó gba inú kókó ayé kọjá. Bí n kò bá mú un bọ̀, ọ̀rọ̀ Mopélọ́lá á wà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan sọ pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́.

Ojú ọ̀nà

N kò ní fi bí a ti kọjá ẹnubodè dà yín láàmú. Ẹni tó bá ti kọjá ẹnubodè rí ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá tíì kọjá, kó máa sinmi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí èdè wa ti ń bá mi lọ. Mo rò pé mo ti fi Yorùbá sílẹ̀ ní Kùtọnù, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń gòkè lọ síhà àríwá, ó ń yọ lójú ọ̀nà, ó ń sá pamọ́, ó tún ń yọ. Ní Bantè, mo sọ̀ kalẹ̀ jẹun lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta iṣu sísè àti wàgàsì, wàrà líle àwọn Fúlàní tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró di pupa. Bí mo ti ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí.

"Nàìjíríà ni bàbá ti wá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bí ẹ ti ń jẹun ni. Bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ fi yín sílẹ̀."

"Ọkọ̀ fẹ́ fi mí sílẹ̀ lóòótọ́, màmá."

"Ta ni yóò wà á lọ? Ẹ bojú wẹ̀yìn. Awakọ̀ yín ló ń gba iṣu kejì lọ́wọ́ ọmọ mi yẹn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Òun ni. Ó fi iṣu ọwọ́ rẹ̀ kí mi. Mo rọra jẹ ìyókù tèmi, mo sì mọ̀ nígbà náà pé wàgàsì dùn.

Bassila

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Bassila. Anii ni èdè wọn, n kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Faransé tí mo fi ìwé kọ́ kò jọ èyí tó ń jáde lẹ́nu wọn. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, mo di odi.

Obìnrin kan tó ń ta òrí lẹ́bàá ọjà rí mi níbi tí mo dúró sí bí ẹni tó sọnù. Ó sọ ohun kan, mo mi orí. Ó tún un sọ sókè sí i, bí a ti ń ṣe fún adití, mo tún mi orí. Ló bá di ọwọ́ mi mú. Ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láìbò, ó ń fà mí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ títí ó fi rí ọkùnrin kan tó gbọ́ Yorùbá, ó fi ọwọ́ mi lé e lọ́wọ́ bí ẹni fi ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó sì padà sídìí òrí rẹ̀ láìretí ọpẹ́.

Olùkọ́ ni ọkùnrin náà lóòótọ́. Ìdírísù lorúkọ rẹ̀. Mẹ́tìrì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí wọ́n ti ń pe tíṣà níbẹ̀. Ará Bassila ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Manigri, ìlú àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ Yorùbá. Ó gbà mí sílé. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, lẹ́yìn náà oúnjẹ, lẹ́yìn náà omi ìwẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí n kò lè fara dà á mọ́, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Mẹ́tìrì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A ti ń dúró. Ìyàwó mi ní ẹ ò ní pẹ́ẹ́ sọ ọ́, pé ará Nàìjíríà kì í lè gbé ọ̀rọ̀ sínú sùn."

Ó mú mi lọ sí mẹrí, ilé ìjọba ìlú, láti gba àṣẹ. Òṣìṣẹ́ tó gbà wá yí ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó bi mí ní Faransé bóyá wúrà ni mo ń wá. Mo ní rárá, irin ni. Ó ní irin wo? Mo ní irin tó wà láàárín ayé. Ó wo Mẹ́tìrì, ó sọ ohun kan ní Anii, gbogbo ọ́fíìsì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí ẹ máa wà á. Bẹ́ẹ bá wà á débẹ̀, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti mẹrí."

Ó fọwọ́ sí i fún mi, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n Bassila kò dára fún iṣẹ́ mi. Ọ̀nà ńlá ló gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń mi ilẹ̀ tọ̀sán tòru. Mẹ́tìrì mú mi gun òkè Alédjo, ibi tí afẹ́fẹ́ ti tutù tí èèyàn ń rí igbó títí ojú á fi rẹ̀ ẹ́. Àpáta ibẹ̀ dára. Atẹ́gùn ọyẹ́ kò jẹ́: ó ń fa igi, igi ń fi gbòǹgbò mi àpáta, ẹ̀rọ mi sì ń ròyìn atẹ́gùn fún mi. Inú igbó jíjìn ìbá sàn jù, ṣùgbọ́n àkókò iná ìgbẹ́ ni.

Mẹ́tìrì ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé àwọn ẹbí ìyá mi."

Agbo ilé orí àpáta

Báyìí ni mo ṣe dé Manigri, oko iṣu lápá kan, oko kajú lápá kejì. Nígbà tí mo gbọ́ "Ẹ káàbọ̀" lẹ́nu ọ̀nà, mo dáhùn kí ẹni tó kí mi tó sọ ọ́ tán. Yorùbá wọn kì í ṣe tiwa gan-an. Ó ní àwọn ìró tí mo ní láti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní Faransé nínú bí tiwa ti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní èdè tiwa ni mo kọ ọ̀rọ̀ wọn síhìn-ín kó lè yé yín. Àmọ́ mo ti padà di ẹni tó lẹ́nu.

Bàbá Gàníù ló gbà mí sílé, àbúrò ìyá Mẹ́tìrì, àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mìíràn, Ìyá Fàtí, ni olórí àwọn obìnrin agbo ilé náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn ilé wọn ni àpáta pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn obìnrin ń sá gbodo sí. Mo kan ilẹ̀ rẹ̀ wò, mo gbé ẹ̀rọ lé e, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ìlà tó wà lójú rẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́. N kò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Bàbá Gàníù ní kí n ṣàlàyé. Mo mú ọsàn kan, mo gún un já.

"Ẹ̀rọ yìí, etí ni, àbí?"

"Etí ni, bàbá."

"Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, a ó gbọ́ ọ níbí?"

"Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá mì, a ó gbọ́ ọ. Bí ogún ìṣẹ́jú ló fi ń rin inú ayé já."

Ó rò ó wò. "Ó yá ju ọ̀nà Bassila lọ."

Láti ọjọ́ náà, Etí ni gbogbo agbo ilé ń pè é.

Odó

Mo ní láti sọ àṣà kan tí wọ́n ní lágbo ilé náà, nítorí pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Bí àlejò bá wà nílé, odó kì í dákẹ́. Iyán ni wọ́n fi ń sọ fún un pé, a mọ̀ pé o wà. Gbogbo ilé tó wà lágbo ló ní láti gúnyán fún un, kálukú nígbà tirẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló rí i. Nítorí náà, ilé kan á gún lówùúrọ̀, òmíràn á gún kí oòrùn tó kàn tàrí, àwọn méjì á gún nírọ̀lẹ́, obìnrin mẹ́ta lórí odó kan, ọmọ odó ń lọ ń bọ̀ láìforí gbárí. Iyán náà funfun, ó ń fà, ọbẹ̀ rẹ̀ ní wàgàsì àti ẹran ìgbẹ́. Ká sọ òótọ́, n kò jẹ irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi! Gbogbo ìgbà tí ọmọ odó bá sọ̀ kalẹ̀, ìlà á fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbì tí mo ń dúró dè ti la inú gbogbo ayé kọjá kó tó dé. Bí ó bá dé, kò ní lágbára ju kí ewé já bọ́ lọ. Ta ni yóò gbọ́ ewé lábẹ́ odó?

Ọmọ Yorùbá ni mí. N kò lè sọ fún ẹni tó ń ṣe mí lálejò pé kó dákẹ́. Mo gba ẹ̀yìn yọ sí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ní, "Bàbá Gàníù, Etí ń gbọ́ odó yín o. Ó ń gbọ́ ọ gan-an ni."

Ojú Bàbá Gàníù tàn. "Etí ń gbọ́ iyán wa?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá."

Ó dìde, ó ké sí àwọn obìnrin. "Ẹ gbọ́ o! Etí ń gbọ́ yín! Àwọn tó wà lábẹ́ ayé náà ń gbọ́ pé a ń gúnyán fún àlejò ní Manigri!"

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yí odó ńlá jáde láti ilé ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń lò fún ìgbéyàwó. Obìnrin mẹ́rin ló ń gún un. Ọ̀kan nínú wọn ń kígbe sí àpáta láàárín ìgúnyán pé, "Etí, ṣé o gbọ́ tèmi? Tèmi ló wúwo jù!" Èkejì dá a lóhùn pé, "Kò gbọ́ tìẹ, iṣu rẹ ṣì ní kókó!"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ wa pè mí lórí fóònù láti ilé. Ilẹ̀ ti mì ní agbègbè Tonga, mímì tó dára, tó jìn nísàlẹ̀. Mo sáré jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ìgbì náà dé. Mo mọ̀ pé ó dé, nítorí pé àkókò rẹ̀ pé. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún odó láti òkè dé ilẹ̀.

Mo jẹ iyán náà tán. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo sọ òótọ́ fún Bàbá Gàníù bí mo ti lè rọra sọ ọ́ tó: pé bó bá ṣeé ṣe, kí odó sinmi fún ìgbà díẹ̀.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti jẹ iyán wa tì?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Àlejò tí a kò gúnyán fún, kí ni àwọn ará ìta á sọ? Wọ́n á ní Gàníù ti di ahun, àbí pé àlejò ti ṣẹ̀ ẹ́." Ó dìde. "A ó rò ó."

Mo mọ ohun tí "a ó rò ó" ń sọ. A ń sọ ọ́ nílé náà. Odó ń lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọyẹ́ sì ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àga gbọọrọ

Àga onígi gbọọrọ kan wà níwájú yàrá mi. Ibẹ̀ ni mo ń jókòó sí lọ́sàn-án. Ìyá Fàtí wá bá mi níbẹ̀. Kò jókòó.

Ó ní, "Bàbá Nàìjíríà, mo ti ń wò yín. Etí àga lẹ máa ń jókòó sí. Ẹ ò jókòó sáàárín rí. Ta lẹ fi àyè yìí sílẹ̀ dè?"

N kò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo àyè náà. N kò tíì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú náà. Mẹ́tìrì pàápàá kò mọ̀.

Mo ní, "Ìyàwó mi ni."

"Ó wà ńlé?"

"Ó ti kú, màmá. Nígbà òjò."

"Òjò wo?"

"Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yìí."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mopélọ́lá."

"Ó mọ̀ pé ẹ máa wá síbí?"

"Òun ló yan ibí. Èmi kò mọ̀ pé ibí wà. Àwa méjèèjì ló yẹ kó wá."

Ìyá Fàtí wá jókòó nígbà náà, sórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò jókòó sí àyè yẹn. Ó ní, "Àlejò wa ni, nígbà náà. Àlejò méjì ló ń bọ̀, ọ̀kan kú kó tó dé. Ẹ sì jókòó síbí láti ọjọ́ yìí, ẹ ń jẹ iyán, a ń yọ̀ lé yín lórí!"

"Màmá, wọ́n ti ṣe gbogbo ètò rẹ̀ nílé."

"Ti ilé ni wọ́n ṣe. Àlejò tó kú sójú ọ̀nà, ilé tó ń lọ náà ní ọ̀fọ̀ tirẹ̀ láti ṣe." Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Lágbo ilé yìí, bí a bá ń ṣọ̀fọ̀, a kì í gúnyán. Odó á dojú bolẹ̀."

Nígbà yẹn ni mo rántí ẹ̀rọ. Ojú tì mí. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé nítorí Etí ni mo ṣe sọ ọ́..."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ Etí?" Ó ti ń lọ. "Etí náà á bá wa ṣọ̀fọ̀."

Ìdákẹ́

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n dojú odó bolẹ̀, gbogbo odó agbo ilé náà, títí kan ti ìgbéyàwó. Ó máa wà bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá Gàníù fúnra rẹ̀ ló ti èyí tó tóbi jù ṣubú. Ó wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ò bá ti sọ fún wa."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín jà lórí iyán, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀!" Ó mi orí. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ayé, ẹ ò lè sọ èyí tó wà láyà yín."

Àwọn ará ìlú ń wá kí mi, lẹ́yọ lẹ́yọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere." Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, Ìyá Fàtí ti sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ń pe Mopélọ́lá bí ẹni tí wọ́n bá ṣe ọ̀rẹ́, pẹ̀lú ìró ẹnu tiwọn. Obìnrin tó ń ta òrí náà wá láti Bassila. Mẹ́tìrì ló gbé e wá. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀. Ó kàn jókòó, ó sì lọ.

Wàsáwàsá ni a ń jẹ, ìyẹ̀fun gbodo tí wọ́n sè lórí ooru omi títí ó fi rú wúruwùru, tí wọ́n da òróró àti ata lé. Oúnjẹ tí kò ní ariwo. Ojú kọ̀ǹpútà mi dà bí omi inú ìkòkò lówùúrọ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ wa ni. Agbègbè Tonga, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì jìn. Ó ní, "Ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín."

Mo ké sí Ìyá Fàtí. Ó ké sí Bàbá Gàníù. Kí n tó mọ̀, gbogbo agbo ilé ti dúró yí àpáta náà ká, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró lókèèrè. Àwọn fúnra wọn ni. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ké lọ sínú oko kajú. Bàbá Gàníù bọ́ bàtà rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyókù rí i, wọ́n bọ́ tiwọn.

Ìlà náà ń lọ, ó ń lọ, ó mọ́ tónítóní. Mo ronú nípa abẹ́rẹ́ náà. Ó ti gba inú òkúta, ó ti gba inú irin yíyọ́, ó ti wọnú kókó irin líle tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí rí, ó ti jáde ní ìhà kejì.

Ó dé. Ìlà náà gbéra, kékeré, mímú, láìsí ohunkóhun níwájú rẹ̀. Ó lọ sókè, ó wá sísàlẹ̀, ó tún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó yà gba ẹ̀gbẹ́ kókó náà ń dé, wọ́n pọ̀, wọ́n sì lágbára jù ú. Ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú.

Mo fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà.

Bàbá Gàníù ní, "Ìyẹn ni?"

"Ìyẹn ni."

"Àárín ayé?"

"Àárín rẹ̀ gan-an, bàbá."

"Àlùhàmúdùlílàhì!" Igbe rẹ̀ mi Etí, mo rí i lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo wọn ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gún odó ìgbéyàwó ń jó láìsí ìlù. Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Ìyá Fàtí ń wo ìlà náà. "Nígbà tó ti dé ibí yìí, ibo ló kù tó ń lọ?"

"Ó ń padà ni, màmá. Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí á dá a padà, á tún gba àárín ayé lọ sọ́hùn-ún, á tún padà wá. Ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ sí i ni."

"A ó gbọ́ ọ nígbà tó bá padà?"

"Etí kan ṣoṣo kò lè gbọ́ ọ. Bí etí bá pọ̀, kálukú níbi tirẹ̀, tí a sì pa ohun tí wọ́n gbọ́ pọ̀, a lè gbọ́ ọ."

Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yà lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀fọ̀," ó wí, ó sì lọ wo iná rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀

Nígbà tí àwọn ọkùnrin kírun dé, wọ́n yí odó náà dìde. Ẹni tí òkú jẹ́ tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gún un, kí gbogbo ilé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé ọmọ odó lé mi lọ́wọ́. Láyé mi, n kò gúnyán rí.

Mo gún un. Iṣu fò jáde.

"Bàbá Nàìjíríà, iṣu lẹ ń gún ni, àbí ejò lẹ ń pa?"

"Ẹ rọra o, ejò náà lọ́mọ!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, àárín ayé ló ń wá!"

Mo gún un títí apá mi fi ń gbọ̀n. Ìyá Fàtí ló gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, àwọn méjì míì dara pọ̀ mọ́ ọn, iyán sì di iyán. Mo jẹ ẹ́ lórí àga gbọọrọ náà. Bàbá Gàníù jókòó sápá ọ̀tún mi, Mẹ́tìrì sápá òsì, èmi wà láàárín.

Mo dá ẹ̀rọ padà kí ọyẹ́ tó lọ. Ọ̀rẹ́ wa ṣí ohun tó gbọ́ wò. Nígbà tó rí ìgbì Ọjọ́bọ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ó ní Mopélọ́lá tọ̀nà. Ó ní àwọn míì á fẹ́ gbé etí sí Manigri báyìí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ó ti máa ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ló dé ìparí rẹ̀, ó sì dúró.

"Èyí ńkọ́? Kí ló ń gbá ilẹ̀ báyìí?"

"Iyán ni."

Ó ní kí n gé e kúrò. Mo ní rárá. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá wá sílé mi, màá ṣí i fún un. Ìgbì náà á kọ́kọ́ kọjá, mímọ́ gaara, níbi tí Mopélọ́lá ní ó ti máa jáde. Bí ẹ bá bá a lọ títí dé ọ̀sán Jímọ̀, ẹ óò rí odó. Àwọn tó wà níbẹ̀rẹ̀ rí ségesège, wọ́n ń ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi nìyẹn. Ẹ óò sì rí ibi tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, tó wá ń lọ déédéé.